Bí Mo Ṣe Bá Mísì Fílọ́rà Lọ Ya Òkúta Aṣálẹ̀

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú irọ́ mẹ́ta palẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tà mí. N kò fẹ́ òyìnbó. N kò sì dé Mẹ́kà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè mí ní Àlájà láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé pè mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dùn létí ni. Òkúta ni mo lọ wò.

Èmi Àbẹ̀kẹ́ aláró ni mo ń sọ̀rọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ọkọ gbé wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ ilé ìwé kan ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ó bá ti dùn, èmi ni mo sọ ọ́. Ibi tí kò bá dùn, òun ló kọ ọ́.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí rélùwéè dé Kánò nígbà tí obìnrin òyìnbó kan wọ ilé aró wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ga, ó gbẹ, ó sì dé àkẹtẹ̀ tí ó fẹ̀ bí atẹ. Mísì Fílọ́rà ni orúkọ rẹ̀. Kò bèèrè àga. Ó dojú ìkòkò kan délẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbé aṣọ líle tí a nà mọ́ igi ka orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀dà jáde láti inú àwọn agolo tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni ń fún ọmú ewúrẹ́. Ìkòkò aró mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe tán, a sáré lọ wò ó. Ohun tí ó wà lórí aṣọ náà dà bí ojú ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n lù ní àlùbolẹ̀.

Ará Kánò ni ọkùnrin tí ó ru ẹrù rẹ̀ wá. Mo fi Hausa sọ fún un pé, "Mú ọ̀gá rẹ lọ bọ́jú, ìpin ń dà á láàmú." Mo gbọ́ Hausa nítorí pé ọdún mẹ́wàá ni èmi àti ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, fi ta obì ní Kánò. Kí ni mo mọ̀? Mísì yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Hausa dá mi lóhùn pé ìpin kọ́, iṣẹ́ ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé.

Dípò kí ó bínú, ó ní òun ń lọ sí aṣálẹ̀ lọ ya àwọn òkúta kan tí òun ti gbọ́ ìròyìn wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní òun ń wá obìnrin tí ó gbọ́ Hausa, tí ó mọ àwọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò sì bẹ̀rù. Àwọn yòókù na ìka sí mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi àwo ọbẹ̀ sílẹ̀. "Òkúta? Àbẹ̀kẹ́, ṣé òkúta tán ní Ìkòyí-Ilé ni?"

Kò tán. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo ti ń ti ọwọ́ bọ aró, n kò sì tíì rí ẹni tí ó sọdá òkun nítorí àwọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó ń wá.

*Aya Mísì*

Ní Kánò, mo rò pé ilé mi kejì ni mo padà sí. Irọ́ ni. Ọmọdé tí mo bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ fi Hausa mi ṣe ẹ̀rín, ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí n tún un sọ. Bàyárábè ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ni pé ará Yorùbá. Ohun tí ó tún burú jù ni pé ṣòkòtò ni Mísì wọ̀, ó sì gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Baálé tí ó gbà wá sílé kí i ní "Bàbá", ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó, ẹ kú ewu." Ẹní kan ṣoṣo ni ó tẹ́ fún àwa méjèèjì. Ibẹ̀ ni irọ́ kejì yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ó ń ta aṣọ níbẹ̀ ló sì gbé e wálé.

Mo mú irú dání láti ilé, èyí tí mo dì sínú ewé mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, Mísì sọ pé ẹran kan ti kú sínú ẹrù wa. A tú gbogbo ẹrù palẹ̀. Nígbà tí ó dé orí irú mi, ó fi ọwọ́ bo imú, ó fẹ́ sọ ọ́ nù. Mo ní bí irú bá lọ, èmi náà lọ. Láti ọjọ́ náà, ràkúnmí ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún irú mi, èyí tí ó ń rìn lẹ́yìn gbogbo wa, tí ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó mọ̀ pé wọ́n fi ìyà jẹ òun.

*Ọkùnrin tí ó bo ẹnu*

Mùsá ni orúkọ ẹni tí ó ṣíwájú wa lọ sí aṣálẹ̀. Nínú ẹ̀yà rẹ̀, ọkùnrin ló ń fi láwàní bo ẹnu àti imú. Obìnrin kò bo nǹkan kan. Lójú rẹ̀, kí àlejò rí ẹnu àgbà ọkùnrin burú ju kí ó rí i níhòòhò lọ. Abẹ́ láwàní yẹn ló ti ń jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ọ nígbà tí ó ń jẹ èso dábínù. Èso á wọlé láti ìsàlẹ̀, kóró á jáde láti ẹ̀gbẹ́, n kò rí ètè kankan. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Obìnrin, bí o bá ń wá eyín mi, gbogbo rẹ̀ ló pé."

Ṣùgbọ́n láwàní yẹn gan-an ni ìjà wa. Aró ni wọ́n fi pa á, aró náà sì ń ṣí. Iwájú orí Mùsá, imú rẹ̀, ọrùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti di búlúù. Èmi aláró, mo rò pé àánú rẹ̀ yóò pa mí.

Mo ní, "Ta ló rẹ aṣọ yìí fún ọ? Ó rẹ́ ọ jẹ. Bí mo bá ta irú èyí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn yóò kó o wá jù sí mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ó fa ara rẹ̀ sókè. "Ìwọ ni o kò mọ nǹkan. Tálákà ni ojú rẹ̀ ń mọ́. Bí mo bá wọ ìlú, wọn á wo imú mi, wọn á mọ̀ pé mo ra ojúlówó."

Mo wo ọwọ́ ara mi tí ó ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ láti ogún ọdún. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé olówó ni mí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi.

Oúnjẹ wọn? Wàrà ràkúnmí wà, ó ní iyọ̀ díẹ̀ bí omijé. Wàràkàṣì wà tí wọ́n ti sá gbẹ títí ó fi le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Wọn á gún un, wọn á pò ó mọ́ ọkà bàbà àti omi, ẹ ó mu ún, ikùn yóò dákẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Tíì wọn ni ó yà mí lẹ́nu. Ife kékeré bí ìdérí agolo ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú fún àlejò, bí ẹ bá sì dìde lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ ti bú baba onílé. Mísì dìde lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi bẹ̀bẹ̀.

Mùsá bi Mísì pé kí ni ó ń wá lọ nídìí òkúta, ṣé wúrà ni? Haske ni ìmọ́lẹ̀ lédè Hausa. Hauka ni wèrè. Mísì fẹ́ sọ pé ìmọ́lẹ̀ ni òun ń wá. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Hauka. Nítorí hauka ni mo ṣe wá láti ìlú mi."

Mùsá wò mí, mo wo Mùsá. Ó mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó ti rí i," ni ó wí.

*Àwọn àgbà ìlú òkúta*

A dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, òkúta Ìkòyí-Ilé dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo iyanrìn tí ó tẹ́ lọ bí ẹní tí kò ní etí, kí ẹ wá rí àwọn òkúta tí wọ́n dìde lórí rẹ̀, gíga wọn ju igi ọ̀pẹ mẹ́wàá lọ, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bí àwọn àgbà tí wọ́n pé jọ láti dá ẹjọ́ tí wọn ò sì tíì fẹnu kò. Òmíràn tẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Òmíràn gbé òmíràn pọ̀n. Láàárọ̀, àwọ̀ wọn dà bí ẹ̀kọ tí ó ti tutù. Lọ́sàn-án, wọ́n funfun bí eérú. Bí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á pọ́n bí osùn, wọ́n á wá pọ́n bí obì, ojú ẹni kò sì ní í kúrò lára wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní nítorí orúnkún tí ó ń dùn mí ni.

Mísì kò yà wọ́n bí ẹ̀yin tàbí èmi yóò ṣe yà wọ́n. Kò fa ìlà kankan. Ó ń fi ọ̀dà lé e ní bátabàta, pupa nihìn-ín, òféèfèé lọ́hùn-ún, bí ẹni ń rẹ́ ilé. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, òkúta á dìde dúró. Wákàtí kan péré ló sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá ń lọ. Ìyókù ọjọ́, ó ń dúró de ìmọ́lẹ̀ bí ìyàwó tí ń retí ọkọ.

Orí òjìji ni a ti jà. Mo rí i tí ó ń po búlúù fún òjìji òkúta.

"Dúdú ni òjìji," ni mo wí.

"Wò ó," ni Mísì wí.

"Mo ti wò ó láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

"Rárá. O mọ̀ ọ́n ni. O kò tíì wò ó."

Ẹ má bínú sí ẹnu mi. Òyìnbó ni, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ká ní Yorùbá ni a fi ń jà, "ẹ" àti "ẹ̀yin" ì bá ti dí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú Hausa jákujàku àwa méjèèjì, "ìwọ" ni gbogbo ayé, nítorí náà a ja ìjà náà dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà, mo gbójú sókè. Òjìji ti nà dé ẹsẹ̀ mi lórí iyanrìn. Àyìnrín ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àyìnrín gidi, bí aṣọ tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a fà jáde. Mo fi ọwọ́ nù ún, mo wo ọwọ́ mi bóyá ó ṣí. Ẹ̀wà dà nù. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi pa á mọ́ra, n kò fẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ló jàre.

*Ìrọ̀lẹ́ tí ó kẹ́yìn*

Ohun tí n kò tíì sọ ni pé òjìji yẹn kò bọ́ sí i fún Mísì. Gbogbo ìyókù àwòrán ti parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi òjìji sí i tán, yóò wò ó, yóò mú ọ̀bẹ, yóò sì há a kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kà. Ó ní láìsí òjìji, àwọn òkúta yẹn kò jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n ń fò ni. Ó ní òun ti ya ọ̀pọ̀ àwòrán láyé, ṣùgbọ́n ti èyí ni òun ti ń kó ara òun jọ dè.

Afẹ́fẹ́ oníyanrìn wá jà. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ojú Mísì ti wú bí àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n, kò lè là á. Lọ́jọ́ kan náà, Mùsá lọ yọjú sínú kànga, ó padà wá, ó jókòó.

"Omi tí ó kù yóò gbé wa dé kànga kejì bí a bá lọ láàárọ̀ ọ̀la. Bí a bá dúró di ọ̀tunla, ràkúnmí yóò dé ibẹ̀. Àwa kò ní í dé."

Mísì kò jiyàn. Ó jókòó níwájú àwòrán tí kò lè rí, ó sunkún, omijé sì ń wá ọ̀nà àbáyọ lára ojú tí ó ti pa dé. N kò tíì rí òyìnbó tí ó sunkún rí. Mo rò pé wọn kì í sun ún.

Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, sọ ohun tí o rí fún mi."

Mo ní, "Àyìnrín ni, Mísì. Ìwọ lo jàre, láti ìjẹta ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri. Ní ìdí òkúta, ó ti jinlẹ̀, bí aṣọ tí a rì lẹ́ẹ̀mẹta tí kò tíì gbẹ. Létí rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, bí ìgbà tí osùn bá kan aró."

Ó fi ọwọ́ wá agolo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ipò wọn bí ìyá ṣe mọ orí ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ń pò ó, mo ń sọ pé, "Ó kù. Ó kù. Ó pọ̀ jù. Òun nìyẹn." Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó nawọ́, ó sì fẹ́ fi òjìji sí ojú ọ̀run. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ mí lọ́wọ́. "Oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ki odindi agbádá bọ inú ìkòkò aró láìmí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di búrọ́ọ̀ṣì mú. Mo fi àkọ́kọ́ sí i. Mo fi èkejì sí i. Mùsá ti wá di igi ìdúró náà mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà rí iṣẹ́ wèrè. Lẹ́yìn náà, ó fi ojú kan wò ó. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé mi lórí.

"Òsì! Òsì ni ó kù! Ìwọ obìnrin yìí, ṣé afọ́jú ni ọ́? Ìdí òkúta tí ó tẹ̀ yẹn! Fi púpọ̀ sí i!"

"Wá fi í fúnra rẹ!"

"Mo ti di igi mú!"

Oòrùn wọ̀. Gbogbo wa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mísì dojú tí ó pa dé kọ wá, ó bèèrè bí ọmọdé, "Ṣé ó jọ ọ́?"

Kí n tó lanu, Mùsá ti sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. "Haske ni," ni ó wí. "Mísì, haske ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe hauka."

*Eṣinṣin inú ọ̀run*

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ọ̀dà olóròóró kì í tètè gbẹ. Aṣọ aró tí mo bá sá láàárọ̀, ẹ ó fi lọ kírun ìrọ̀lẹ́. Èyí, ọ̀sẹ̀ dé orí ọ̀sẹ̀, ó ṣì ń lẹ̀. A kò lè ká a, a kò lè bò ó. Orí mi ni mo fi gbé e púpọ̀ nínú ọ̀nà, ojú rẹ̀ sókè, gbogbo ìlú tí a bá sì wọ̀ ń yọjú wò ó. Àwọn kan ní ẹran súyà ni. Ọkùnrin kan bi mí pé ta ló gé egbò yìí. Iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn, eṣinṣin lẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ojú Mísì là. Àwòrán ni ó kọ́kọ́ bèèrè. Mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ràkúnmí onírú. Mo ń yọjú wò ó. Ó wò ó láti òkèèrè, ó wò ó láti tòsí, ó sì mú ọ̀bẹ. Ó tẹ̀ ba, ó fi orí ọ̀bẹ yọ eṣinṣin kan kúrò lójú ọ̀run, ó sì ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀.

Kò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bù lára irú mi sínú ọbẹ̀ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.

*Ohun tí mo sọ ní Ọ̀yọ́*

Ní Ọ̀yọ́, òyìnbó kan gbà á lálejò, ó sì pe àwọn òyìnbó mìíràn wá wo àwòrán kí Mísì tó lọ wọ ọkọ̀ òkun. Èmi náà wà níbẹ̀, mo dúró ti iṣẹ́ mi. Bàbá kan tí ó ń fa páìpù sọ̀rọ̀ títí, ó ń na ìka sí òjìji. Mo bi Mísì pé kí ni ó ń wí.

"Ó ní mo ya gbogbo rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ mi ní òjìji yìí ni ọ̀gá. Ó bèèrè ẹni náà."

Mísì na ìka sí mi. Bàbá onípáìpù rẹ́rìn-ín. Mísì kò rẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pe ògbufọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tí ó wọ kóòtù nínú ooru.

Ògbufọ̀ ní, "Ìyá, wọ́n ní báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé àwọ̀ òjìji nìyẹn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo wò ó ni."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ènìyàn ńlá ni wọ́n o. Ẹ fi nǹkan kún un."

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un."

Ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí bàbá náà, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì títí páìpù fi kú. Mo gbọ́ "Ọ̀yọ́" lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ọwọ́ sókè ọ̀run nígbà kan. Nígbà tí ó parí, bàbá onípáìpù wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi. Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo sọ.

Lọ́jọ́ kejì, Mísì gbá mi mọ́ra, gbogbo eegun rẹ̀ gún mi, ó sì gbé àwòrán wa lọ. N kò tún rí i mọ́.

*Ilé aró*

Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo pín dábínù káàkiri. Nígbà tí mo sọ nílé aró pé òjìji kì í ṣe dúdú, Ìyá Pópó, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa, rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Àbẹ̀kẹ́, oòrùn ti ràn ọ́ lórí. Lọ sùn." N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí ó fi ọjọ́ mẹ́rin jà kí ó tó rí i, kí ló fẹ́ wí?

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Wọ́n ti fọ kíjìpá funfun, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pápá, oòrùn sì ti ń rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Pópó jáde láti ìyẹ̀wù, ó dúró, ó sì lọgun.

"Ta ló da aró sórí aṣọ mi?"

Àwọn yòókù ń wo ara wọn. Èmi ń fọ ọwọ́. Ìyá Pópó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ráhùn, ó gbé aṣọ náà sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Funfun báláú. Ó tún un tẹ́. Àbàwọ́n náà tún dé. Ó gbójú sókè, ó wo igi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo aṣọ, ó tún wo igi.

Ó rọra jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Àbẹ̀kẹ́, wá níhìn-ín. Ìgbà mélòó ni wọ́n rì í?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Ìyá."

Ó di ojú kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pòṣé.

"O kò mọ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Wo etí rẹ̀."